Bí a ṣe ń fi VR kọ́ ikọ̀ hẹlikópítà adóòlà ẹ̀mí ní iṣẹ́ wáyà

Nígbà tí hẹlikópítà bá dúró sójú kan lófuurufú, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì ń fi wáyà fa ẹni tó fara pa sókè láti ẹsẹ̀ àpáta tàbí láti orí ọkọ̀ ojú omi, awakọ̀ kì í sábà rí ẹni tí wọ́n ń fà náà, nítorí pé ìsàlẹ̀ hẹlikópítà, níbi tí ojú rẹ̀ kò dé, ni onítọ̀hún wà. Ẹni tó ń rí i ni adarí wáyà, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, tó fi ọwọ́ kan di wáyà mú, tó fi ọwọ́ kejì darí ẹ̀rọ tó ń tú u sílẹ̀ tó sì ń ká a, tí ẹnu rẹ̀ sì ń sọ fún awakọ̀ láìdákẹ́ pé kí ó sún síwájú, kí ó yà sọ́tùn-ún, kí ó dúró. Ẹnì kẹta ni adóòlà, ẹni tí wọ́n so mọ́ ìkọ́ tó wà nídìí wáyà, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá aláìsàn. Etí ni awakọ̀ fi ń wakọ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, bí oníjó ṣe ń fi etí gba ìlù láìbojúwo ẹni tó ń lù ú. Bí ohùn bá dá láàárín àwọn mẹ́ta yìí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, ẹni tí wọ́n wá gbà là lè fi orí gbá òkúta.

Ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1945 ni wọ́n kọ́kọ́ fi wáyà hẹlikópítà gba aráàlú là, nígbà tí hẹlikópítà Sikorsky R-5 kan fa ọkùnrin méjì kúrò lórí ọkọ̀ aképo tí ìjì ti gbé gun òkúta ní Penfield Reef, létí òkun Connecticut ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà wá, inú hẹlikópítà tó ń fò ni ọ̀pọ̀ adarí wáyà ti kọ́ iṣẹ́ wọn. Ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ gbówó lórí, nítorí pé hẹlikópítà ń jẹ epo, ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì ń lọ, ojú ọjọ́ sì lè fagi lé gbogbo ètò. Èyí tó tún burú jù ni pé àwọn nǹkan tó léwu jù lọ, bí i kí ẹ́ńjìnnì kan kú nígbà tí ènìyàn ṣì wà lórí wáyà, kò ṣeé fi ẹni alààyè dánwò. Ibẹ̀ ni VR ti wúlò, ìyẹn awò tí a ń gbé sójú tí kọ̀ǹpútà ń ya ayé mìíràn sínú rẹ̀, débi pé bí a bá yí orí, ayé náà á yí pẹ̀lú wa. Kí a fi àfarawé kọ́ ohun tí a ò gbàdúrà láti rí kò ṣàjèjì sí àwọn ará wa tó ń ṣiṣẹ́ epo rọ̀bì lórí òkun, nítorí pé wọ́n mọ ẹ̀kọ́ HUET, níbi tí wọ́n ti ń de ènìyàn mọ́ ìjókòó nínú àgọ́ hẹlikópítà àfarawé, tí wọ́n á rì í sínú adágún omi, tí wọ́n á sì dorí rẹ̀ kodò kí ó lè kọ́ bí a ṣe ń jáde.

Àwọn olórí ẹ̀kọ́ nínú ikọ̀ adóòlà ẹ̀mí ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, àti ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ní kí ó gbé ibi ìdánrawò kalẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù nínú rẹ̀ ni pé kí ẹ fi VR kọ́ ohùn kí ẹ tó fi kọ́ ojú. Àwòrán tó mọ́ gaara ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ fi han oníbàárà, ó sì rọrùn kí orí ẹni wú débi tí a ó gbàgbé pé gbólóhùn tó ń jáde lẹ́nu adarí wáyà ni awakọ̀ fi ń ríran.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu yín sílẹ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

Ẹ pe gbogbo awakọ̀, adarí wáyà àti adóòlà yín jọ, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ohun tí ó máa ń sọ gan-an láti ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí títí di ìgbà tí aláìsàn bá wọlé. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ wọn lè má bára mu, kódà bí wọ́n bá ti jọ ń ṣiṣẹ́ tipẹ́. Ẹnì kan á sọ pé "díẹ̀ sí i", ẹlòmíràn á sọ pé "súnmọ́ ọn", kò sì sí awakọ̀ tó lè mọ iye mítà tó wà nínú "díẹ̀". Ọ̀rọ̀ tó wúlò ní ibi tó dojú kọ, ó ní iye, ó sì ní òpin: "síwájú mẹ́wàá, síwájú márùn-ún, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan, dúró". Bí awakọ̀ bá ń gbọ́ kíkà náà, á mọ ìgbà tó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ eré, nítorí pé bí ohùn ṣe ń yára tàbí tó ń fà pàápàá ń sọ nǹkan fún un.

Ẹ fẹnu kò pé imú hẹlikópítà ni a fi ń mọ iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún àti òsì, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ni adarí wáyà kọjú sí, ọ̀tún tirẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀tún awakọ̀. Ẹ yan èdè kan ṣoṣo. Nígbà tí ìbẹ̀rù bá dé, èdè abínibí ni ó máa ń yọ lẹ́nu ẹni, nítorí náà, bí èdè abínibí àwọn ọmọ ikọ̀ yín bá yàtọ̀ síra, ọ̀rọ̀ èdè tí ẹ yàn yìí gbọ́dọ̀ di ohun tí ẹnu ti mọ̀ kọjá ìrònú. Ẹ tún yan ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tó kéré jù nínú ikọ̀, lè sọ láti dá gbogbo iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀ láìtọrọ ààyè. Àwọn àgbà sọ pé ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ, ṣùgbọ́n ọmọdé tí wọ́n ti kọ́ pé kí ó máa dákẹ́ níwájú àgbà kò ní lè kọ̀ bí ẹ kò bá fún un ní ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, mo ka èyí sí ohun tó yẹ kí olórí ikọ̀ fúnra rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú gbogbo ènìyàn.

Nígbà tí ẹ bá parí, ìwé ojú kan tàbí méjì ni kí ó jẹ́. Ìwé yẹn ni ẹ ó fi dán gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n bá gbé wá wò.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan ẹ̀rọ tó bá àìní yín mu

Oríṣi ẹ̀rọ mẹ́ta ni ẹ ó bá pàdé. Èkíní jẹ́ ti awakọ̀: ìjókòó, àwọn ọ̀pá ìdarí àti awò VR. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, EASA, àjọ tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀ òfurufú ní Yúróòpù, fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, èyí tí ilé iṣẹ́ VRM Switzerland ṣe fún hẹlikópítà Robinson R22. Ìfọwọ́sí yẹn ṣe pàtàkì nítorí pé láti ìgbà náà ni VR ti di ohun tí aláṣẹ lè kà mọ́ ẹ̀kọ́ gidi. Èkejì jẹ́ ti adarí wáyà: férémù ilẹ̀kùn, ọwọ́ ìdarí ẹ̀rọ wáyà, àti wáyà fúnra rẹ̀, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Bluedrop ní Kánádà ń ṣe. Ẹ̀kẹta ni kí a so méjèèjì pọ̀, kí awakọ̀ àti adarí wáyà wà nínú ayé kan náà, kí ìkan máa rí ohun tí ìkejì ṣe.

Bí owó bá tó, ẹ̀kẹta ni kí ẹ rà. Bí kò bá tó, ẹ ra ti ẹnu ilẹ̀kùn, kí olùkọ́ kan sì jókòó bí awakọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìdarí kékeré. Mo mọ̀ pé àwọn awakọ̀ kò ní fẹ́ràn ìmọ̀ràn yìí, nítorí pé àwọn ni wọ́n sábà máa ń wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ohun tí wọ́n máa rà. Síbẹ̀, awakọ̀ ní oríṣiríṣi ẹ̀rọ ìdánrawò mìíràn tó lè lọ lò, nígbà tí adarí wáyà kò ní ohun púpọ̀ lẹ́yìn hẹlikópítà fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò lo awò rárá. Ní Bad Tölz, ní ìpínlẹ̀ Bavaria ní orílẹ̀-èdè Jámánì, ẹgbẹ́ adóòlà orí òkè tí wọ́n ń pè ní Bergwacht Bayern ní gbọ̀ngàn ńlá kan tí wọ́n fi kírénì so àgọ́ hẹlikópítà rọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi wáyà sọ ènìyàn gidi kalẹ̀ láti ibẹ̀, yálà òjò ń rọ̀ níta tàbí yìnyín ń bọ́. Ẹni tó bá ní àǹfààní irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ lè máa fi VR kọ́ ọ̀rọ̀ àti ìpinnu, kí ó sì máa fi gbọ̀ngàn kọ́ ara.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi ohun gidi sí i lọ́wọ́

Ọ̀pá ìṣeré tí wọ́n máa ń tà mọ́ awò VR kò yẹ iṣẹ́ yìí. Wáyà tí ọ̀pọ̀ hẹlikópítà adóòlà ń lò jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ fọ́nrán tín-ín-rín lọ́ pọ̀, tí ó nípọn tó bí mìlímítà 5, tí wọ́n sì sábà máa ń gbà láàyè pé kí ó gbé tó kílógíráàmù 272. Adarí wáyà ń wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ó sì ń fi ọwọ́ mọ ohun tí ojú rẹ̀ kò tíì rí: bóyá wáyà ti dẹ̀, bóyá ó ti há, bóyá ẹrù ti kan ilẹ̀, bóyá fọ́nrán kan ti já. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá di afẹ́fẹ́ mú nígbà ìdánrawò, ẹ̀kọ́ tí ẹ ń kọ́ ọ ni pé ọwọ́ tó yẹ kó di wáyà mú kò ní iṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ gbé férémù ilẹ̀kùn gidi kalẹ̀, tàbí kí káfíńtà fi igi ṣe é ní ìwọ̀n hẹlikópítà yín gan-an, títí dé ibi gíga tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ àti ibi tí orí máa ń gbá. Ẹ fi bẹ́líìtì ààbò tí wọ́n ń lò lójú iṣẹ́ de akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ibi tó lágbára. Ẹ so wáyà gidi mọ́ mọ́tò kékeré tí kọ̀ǹpútà ń darí, kí ó lè máa fa ọwọ́ nígbà tí ẹrù bá ń fì. Ọwọ́ ìdarí ẹ̀rọ wáyà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó wà nínú hẹlikópítà yín, kí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan wà níbi tí àtàǹpàkò ti mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe ìdánwò ìfọwọ́kàn. Ẹ gbé awò sójú akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ sì ní kí ó fi ìka kan etí férémù, wáyà, àti ìkọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ohun tí ojú rẹ̀ rí àti ohun tí ìka rẹ̀ kàn bá fi nǹkan bí ìbú ìka kan yàtọ̀ síra, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Àràárọ̀ ni kí ẹ máa ṣe ìdánwò yìí, torí pé àwọn ẹ̀rọ tó ń tọpa awò àti ọwọ́ lè yẹ̀ kúrò lójú ìlà bí ẹni tó ń gbálẹ̀ bá fara kàn wọ́n.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fi aago wọn fífì wáyà

Ìdánwò yìí kò ná yín ní nǹkan kan ju aago ọwọ́ lọ, mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ ṣe é níwájú ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ fún yín. Ẹrù tó rọ̀ sórí wáyà ń fì bí irin tó ń fì lábẹ́ aago ògiri. Àkókò tí àlọ àti àbọ̀ kan ń gbà kò sinmi lórí bí ẹrù ṣe wúwo tó, gígùn wáyà ló ń pinnu rẹ̀. Bí wáyà bá jẹ́ mítà 10, àlọ àti àbọ̀ á gba ìṣẹ́jú àáyá 6 àti díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mítà 40, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13. Bí ó bá jẹ́ mítà 90, á tó 19. Ẹ tú wáyà sílẹ̀ dé mítà 40 nínú ẹ̀rọ náà, ẹ jẹ́ kí ẹrù fì, kí ẹ ka àlọ àti àbọ̀ márùn-ún, kí ẹ sì fi 5 pín àkókò náà. Bí ó bá jẹ́ 8 tàbí 20 ni ó bọ́ sí, ẹ má ra ẹ̀rọ náà, bí àwòrán rẹ̀ ti wù kí ó dára tó, nítorí pé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ á mọ ìlù tí kò sí láyé mọ́ra.

Ẹ wo nǹkan méjì sí i. Èkíní, bí a bá ń ká wáyà nígbà tí ẹrù ń fì, fífì náà gbọ́dọ̀ máa gbòòrò sí i, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí lójú iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí adarí wáyà tó mọṣẹ́ fi máa ń dá kíká dúró, tí á kọ́kọ́ fi ọwọ́ fa wáyà lòdì sí ibi tí ẹrù ń lọ títí tí yóò fi rọlẹ̀. Èkejì, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fa wáyà lásìkò tí kò yẹ, kí fífì náà burú sí i. Ẹ̀rọ tó ń gbójú fo àṣìṣe kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ tọ́jú ara ẹni tó máa wọ awò

Òòyì àti inú rírú máa ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú VR, kò sì túmọ̀ sí pé onítọ̀hún jẹ́ ọ̀lẹ. Ohun tó ń fà á ni pé ojú ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń lọ, nígbà tí etí inú, tó ń mọ̀ bóyá a dúró ṣinṣin, ń sọ pé ara kò lọ. Ẹ̀rọ tó ń lọ́ra ń mú un burú sí i. Ẹ béèrè pé kí awò náà máa yí àwòrán rẹ̀ padà tó ìgbà 90 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí àkókò tó wà láàárín ìgbà tí orí yí àti ìgbà tí àwòrán yí má sì ju ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún kan ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Ẹ wọn àárín ẹyinjú méjèèjì ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún awò ṣe bá a mu. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wà ní àyíká mìlímítà 63, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ pọ̀ láàárín ènìyàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sinmi, kí ẹ tó lọ sí ìṣẹ́jú 20. Lẹ́yìn ìdánrawò kọ̀ọ̀kan, ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ nípa orí fífọ́, òógùn, ojú dídùn, òòyì àti inú rírú. Àwọn onímọ̀ ti ní ìbéèrè àmì 16 kan láti ọdún 1993 tí wọ́n fi ń wọn èyí, ó sì ṣeé lò láìsí ìnira. Ẹni tí òòyì bá ti mú kò gbọdọ̀ wọ inú hẹlikópítà lọ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, kò sì yẹ kí ó fúnra rẹ̀ wa mọ́tò lọ sílé kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Ẹ kọ òfin yìí sára ògiri. Kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá fi ṣẹ̀sín lẹ́ẹ̀kan kò tún ní sọ òtítọ́ mọ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ to ìṣẹ̀lẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí pápá gbalasa ní ọ̀sán, tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ púpọ̀, tí ẹrù kan ṣoṣo wà nílẹ̀. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ kò ju kí ó fi ohùn mú awakọ̀ dé orí ẹrù náà, kí ó sì mú un dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tí ó bá lè ṣe èyí láìṣi ọ̀rọ̀ lò, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè, níbi tí ojú kò ti rí ohun púpọ̀ tí yóò fi wọn jíjìnnà, lẹ́yìn náà sí orí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ tó sì ń jó lórí ìgbì, lẹ́yìn náà sí alẹ́ pẹ̀lú awò òru, ìyẹn awò tó ń jẹ́ kí ojú ríran nínú òkùnkùn.

Nígbà tí ẹ bá ń ya ayé inú ẹ̀rọ, ẹ má gbára lé àwòrán ilẹ̀ tí ẹ rà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2017, hẹlikópítà Sikorsky S-92 kan tó jẹ́ ti ẹ̀ṣọ́ etíkun Ireland, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Rescue 116, kọlu erékùṣù Black Rock ní etíkun County Mayo lóru, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú rẹ̀ sì kú. Erékùṣù náà kò sí nínú àkójọ ilẹ̀ tí ẹ̀rọ ìkìlọ̀ inú hẹlikópítà wọn ń lò. Bí òkúta ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè sá pamọ́ fún ẹ̀rọ tó ń fò, ó dájú pé ó lè sá pamọ́ fún ẹ̀rọ ìdánrawò. Ẹ mú àwọn tó mọ agbègbè yín dáadáa, apẹja, àgbẹ̀, awakọ̀ àgbà, kí wọ́n wo ayé inú awò náà kí wọ́n sì sọ ohun tó kù: wáyà iná tó ré kọjá àfonífojì, òpó tẹlifóònù tuntun, erékùṣù tí kò sí lórí máàpù.

Lẹ́yìn tí ìpìlẹ̀ bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni kí ẹ mú wàhálà wá, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan.

Yíyí ni mo máa ń fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 2019, ní òkè Piestewa Peak ní ìlú Phoenix ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń fa arábìnrin ẹni ọdún 74 kan tó fara pa sókè nínú sítírẹ́ṣà nígbà tí okùn tí wọ́n fi ń dá a dúró láti ìsàlẹ̀ já, sítírẹ́ṣà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òkòtó. Ìjì tí abẹ̀bẹ̀ orí hẹlikópítà ń fẹ́ sísàlẹ̀ ló ń gbá a yí. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, ó dẹwọ́. Nígbà tí wọ́n tún fà á sókè sínú ìjì yẹn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó yè é. Ẹ ya ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sínú ẹ̀rọ yín, kí ẹ sì jẹ́ kí okùn já láìsọ fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹ ń retí ni pé kí adarí wáyà dá kíká dúró ní kété tí ó bá rí i pé yíyí ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sọ ọ́ jáde ní gbólóhùn kan, kí ó sọ sítírẹ́ṣà kalẹ̀ kúrò nínú ìjì náà, kí awakọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwájú díẹ̀díẹ̀ kí ìjì lè bọ́ sẹ́yìn. Èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni kí wọ́n yára ká a wọlé kí wàhálà lè tán, inú ìjì ni wọ́n sì ń fà á lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é títí tí ọwọ́ yóò fi kọ ìyára yẹn sílẹ̀.

Wáyà tó há tẹ̀ lé e. Bí ìkọ́ bá há sí ẹ̀ka igi tàbí sí irin ọkọ̀ ojú omi, hẹlikópítà ti di ohun tí a so mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ wáyà ní abẹ kan tí ìbúgbàù kékeré ń tì, tó ń gé wáyà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ awakọ̀ àti lọ́dọ̀ adarí wáyà. Gígé rọrùn bí kò bá sí ènìyàn lórí wáyà. Bí ènìyàn bá wà lórí rẹ̀ ńkọ́? Ikọ̀ gbọ́dọ̀ ti jókòó sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn nílẹ̀, kí wọ́n tó gbé awò wọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó yẹ kí ó kọ́kọ́ ronú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìkọ́ ti há. Bákan náà ni ti ẹ́ńjìnnì tó kú: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí hẹlikópítà máa gbà sá lọ, kí wọ́n sì sọ ọ́ jáde kí adóòlà tó kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Èyí tó kẹ́yìn ni kí ohùn kú. Ẹ pa ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lójijì. Bí awakọ̀ bá dákẹ́ tó sì ń retí, tí adarí wáyà ń sọ̀rọ̀ lọ láìmọ̀ pé wọn kò gbọ́ ọ, ẹ ti rí ohun tí ẹ ó fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí ìdánrawò kan ṣe yẹ kó lọ

Ẹ má ṣe fi sílẹ̀ kí wọ́n wọlé lásán bí ẹni lọ ṣeré. Ẹ ṣe ìpàdé ìṣáájú bí ìgbà tí ìpè gidi bá wọlé: ibo, ta ni, ojú ọjọ́, epo, ibi àsálà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ aṣọ iṣẹ́, àṣíborí tó bá ṣeé fi pẹ̀lú awò, àti ìbọ̀wọ́. Ẹ gbé ariwo ẹ́ńjìnnì sókè dé ibi tí yóò fi máa ṣòro láti gbọ́ ọ̀rọ̀ láìlo ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe etí níjàǹbá. Olùkọ́ kan ṣoṣo ni kí ó máa sọ̀rọ̀, bí ó bá tilẹ̀ yẹ kí ó sọ̀rọ̀ rárá, nítorí pé olùkọ́ tó ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà ní gbogbo ìgbà ń gba ohùn lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ẹ pààrọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí ó gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ darí ẹlòmíràn, kí adarí wáyà sì jókòó síbi ọ̀pá ìdarí. Ohun kan tí hẹlikópítà gidi kò lè gbà wá láàyè láti ṣe ni èyí, VR sì gbà á láìsí ewu. Awakọ̀ tó bá ti dúró níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó rí bí mítà mẹ́ta ṣe ṣòro láti wò láti òkè, á ní sùúrù nígbà míì tí wọ́n bá sọ fún un pé "dúró" ní ẹ̀ẹ̀kejì.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ gbọ́ ohùn náà láìwo àwòrán

Gbogbo ẹ̀rọ yìí ló lè gba àwòrán àti ohùn sílẹ̀. Nígbà tí ìdánrawò bá parí, ẹ pa àwòrán, kí gbogbo ikọ̀ sì jókòó gbọ́ ohùn nìkan. Kí awakọ̀ tí kò sí níbẹ̀ sọ ibi tí ó rò pé ẹrù wà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ náà kò pé nìyẹn. Ẹ ṣírò bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe gùn tó nígbà tí ènìyàn wà lórí wáyà, iye ìgbà tí wọ́n pe ọ̀tún ní òsì, àti iye ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé Ìgbésẹ̀ 1. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó tan àwòrán, kí ẹ fi wé ohun tí etí rò. Kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ kí olùkọ́ tó sọ tirẹ̀, kí ẹ má sì lo ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ láti fi jẹ ẹnikẹ́ni níyà.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ padà sínú hẹlikópítà

VR kò ní òtútù, kò ní òórùn epo, kò sì lè jẹ́ kí ìkọ́ ta ènìyàn. Hẹlikópítà tó ń fò máa ń kó iná mọ̀nàmọ́ná jọ sára, nítorí náà ìkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀ tàbí omi kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ tó fọwọ́ kàn án; akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì rí i rí lè gbàgbé. Kò tún ní ìwúwo aláìsàn tó ti rẹ̀, tí kò lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ fi hẹlikópítà gidi kọ́, lórí ilẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó tàn, lẹ́yìn náà lófuurufú pẹ̀lú ẹrù tí kì í ṣe ènìyàn, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ènìyàn.

Ẹ má ka iṣẹ́ inú awò mọ́ iṣẹ́ òfurufú láìgba àṣẹ. Ní Yúróòpù, òfin iṣẹ́ wáyà sọ pé ẹni tí yóò ṣe é ní ọ̀sán gbọ́dọ̀ ti parí ìsọ̀kalẹ̀ àti ìfàsókè 3 láàárín ọjọ́ 90 tó kọjá, tí ó bá sì jẹ́ ní òru, 3 náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti òru. Níbòmíràn, ẹ lọ bá àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú yín, bí i NCAA ní Nàìjíríà, kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn ní kíkọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ikọ̀ bá sì ti ibi ìpè gidi kan dé, kí ẹni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà jókòó ti ẹni tó ń darí kọ̀ǹpútà kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, nígbà tó ṣì rántí bí afẹ́fẹ́ ṣe fẹ́, bí igi ṣe dúró àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti dá. Ẹ ya á sínú ẹ̀rọ láìdárúkọ aláìsàn, kí ẹ sì pe àwọn tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn wá ṣe é.